Ojú Ni Ó Ń Yàwòrán: Àgbéyẹ̀wò Kámẹ́rà Kékeré àti Kámẹ́rà Ńlá

Àwọn àgbà a máa sọ pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, bẹ́ẹ̀ ni ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Òwe yìí kò sọ pé ọwọ́ kan sàn ju èkejì lọ. Ohun tí ó ń sọ ni pé iṣẹ́ ni ó ń yan ọwọ́ tí yóò ṣe é. Bí ó ti rí ní ti ọwọ́, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí ní ti kámẹ́rà. Síbẹ̀, lóde òní, òwe náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìgbàgbé láàárín àwọn tí ń yàwòrán àti àwọn tí a ń ya àwòrán wọn. Ní òde ìgbéyàwó tàbí ti ìsìnkú àgbà, ẹni tí ó gbé kámẹ́rà gbàǹgbà kọ́rùn, tí ojú rẹ̀ gùn bí ọmọ odó, ni àwọn ènìyàn ń yà fún lọ́nà. Ẹni tí ó mú èyí tí ó lè wọ àpò agbádá dání ni wọ́n ń wò bí ẹni tí ó wá ṣeré. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí Ọlọ́run fún ní ojú tí ó mú ni ó sì ń fi ọdún gbáko dúró de owó kámẹ́rà ńlá, nígbà tí ohun tí ó yẹ kí wọ́n yà ń kọjá lọ níwájú wọn, tí àwọn arúgbó tí ó yẹ kí wọ́n yà sì ń papò dà.

Ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan. Ọ̀rọ̀ ohun tí ó ń sọ àwòrán di iṣẹ́ ọnà ni, àti ohun tí ó ń sọ ọ́ di ẹ̀rí tí ìran tí ń bọ̀ lè gbára lé. Bí a bá tọ ipasẹ̀ iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, tí a sì fi ara balẹ̀ wo díẹ̀ nínú àwọn àwòrán tí gbogbo ayé gbà pé ó dára, a ó rí i pé bí ẹ̀rọ bá ti ń fúyẹ́ tó, tí lílò rẹ̀ sì ń rọrùn tó, bẹ́ẹ̀ ni ojú ń rí àyè ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Kámẹ́rà ńlá ní iṣẹ́ tí ó tọ́ sí i, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò pọ̀ tó bí àwọn ènìyàn ti rò.

Ní ọdún 1839, nígbà tí a kọ́kọ́ kéde ọ̀nà tí Daguerre, ará Faransé, fi ń gba àwòrán sórí àwo bàbà tí a fi fàdákà bò, ìnira ni kí a ya ènìyàn. Àpótí igi ni kámẹ́rà ìgbà náà, orí ẹsẹ̀ mẹ́ta ni a sì ń gbé e kà. Ẹni tí a fẹ́ yà ní láti jókòó láìmira fún ìgbà pípẹ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ yóò di bàìbàì. Ní 1888 ni George Eastman, ará Amẹ́ríkà, gbé àpótí kékeré kan jáde tí ó pè ní Kodak. Dọ́là 25 ni owó rẹ̀, fíìmù tí ó wà nínú rẹ̀ sì gba àwòrán 100. Nígbà tí fíìmù náà bá tán, ẹni tí ó ni ín yóò fi àpótí náà bí ó ti wà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ Eastman, wọn yóò fọ àwòrán rẹ̀, wọn yóò sì fi fíìmù mìíràn sí i fún un. Ní 1900 ni ilé iṣẹ́ kan náà mú Brownie jáde, dọ́là 1 péré ni owó rẹ̀. Páálí ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Kò sí ohun tí a ń yí lójú rẹ̀ kí àwòrán tó lè mọ́. Ọmọdé pàápàá lè lò ó. Láti ìgbà náà ni àwòrán ti kúrò ní ohun tí ọlọ́rọ̀ ń lọ gbà ní ilé oníṣẹ́, tí ó sì di ohun tí ìyá lè fi ya ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.

Ẹni tí ó mú kámẹ́rà kékeré wọ àárín àwọn tí iṣẹ́ náà jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn ni Oskar Barnack, ará Jámánì, òṣìṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Ernst Leitz ní ìlú Wetzlar, níbi tí wọ́n ti ń ṣe awò tí a fi ń wo kòkòrò àìfojúrí. Barnack fẹ́ràn àti máa yàwòrán, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò le tó láti máa ru àpótí ńlá àti àwo dígí kiri. Nítorí náà, láàárín 1913 àti 1914, ó ṣe kámẹ́rà kékeré kan tí ń lo irú fíìmù tí a fi ń ya sinimá. Àwòrán kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ kò ju mìlímítà 24 ní ìbú àti 36 ní gígùn lọ. Ní 1925, níbi ìpàtẹ ọjà ní Leipzig, a fi í han gbogbo ènìyàn ní orúkọ Leica. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí pé kì í ṣe ọ̀lẹ ni ó bí ohun èlò yìí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìṣẹ́. Ẹni tí ojú rẹ̀ yá ju ara rẹ̀ lọ ni ó wá ẹ̀rọ tí kò ní dí ojú náà lọ́wọ́.

Iṣẹ́ tí ó fi èrè ohun èlò yìí hàn jù lọ ni ti Henri Cartier-Bresson, ará Faransé tí a bí ní 1908, tí ó sì kú ní 2004. Fífi ọ̀dà kun àwòrán ni ó kọ́kọ́ kọ́. Ní 1932 ni ó mú Leica, kò sì tún fi í sílẹ̀. Lẹ́ńsì mìlímítà 50 kan ni ó fi ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó fi téèpù dúdú bo ibi tí ń dán lára ẹ̀rọ náà kí ó má baà máa fa ojú àwọn ènìyàn. Kò sì fẹ́ iná fíláàṣì rárá. Nínú àwòrán kan tí ó yà ní ọdún 1932 náà, ní ẹ̀yìn ibùdókọ̀ ojú irin Saint-Lazare ní Paris, ọkùnrin kan ń fo kọjá lórí omi tí ó dá rogún. Gìgísẹ̀ rẹ̀ fẹ́ kan omi, ṣùgbọ́n kò tíì kàn án. Àkàbà kan nà gbalaja sínú omi lẹ́yìn rẹ̀. Òjìji ọkùnrin náà ń bẹ nísàlẹ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ jáde wá pàdé rẹ̀. Lára ògiri ọ̀ọ́kán, ìwé ìpolówó kan gbé ẹni tí ń jó síta, òun náà sì wà nínú afẹ́fẹ́.

Bí a bá fi ojú oníṣòwò kámẹ́rà wo àwòrán yìí, àbùkù rẹ̀ kò níye. Ọkùnrin náà kò mọ́ gaara. Àárín pátákó ọgbà ni ayàwòrán ti ki lẹ́ńsì rẹ̀ bọ̀ ọ́, tí ó fi di dandan kí a gé ẹ̀gbẹ́ kan sọnù nígbà tí a ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó wò ó tí ó rántí àbùkù wọ̀nyí. Ohun tí ó gbé àwòrán náà dúró ni pé ẹsẹ̀ kò tíì kan omi, àti pé ẹni tí ó wà lára ògiri ń fò bí ẹni tí ó wà lórí omi ti ń fò. Ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ́yìn rẹ̀, omi ì bá ti tú ká, gbogbo ìbámu yẹn ì bá sì ti bàjẹ́. Kí ẹni tí ó ru àpótí ńlá tó na ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ tán, ọkùnrin náà ti dé ilé. Àìtètè mólè ni olè fi ń mólóko. Àìtètè yàwòrán náà sì ni ó ń mú kí ọ̀pọ̀ àwòrán wà lẹ́nu ju kí ó wà lórí ìwé lọ.

Ṣùgbọ́n kò tọ́ kí a gbọ́ ẹnu ẹnì kan ṣoṣo dájọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbèjà kámẹ́rà ńlá lè pe Ansel Adams, ará Amẹ́ríkà, ní ẹlẹ́rìí. Ní 1941, ní àṣálẹ́, Adams ń wa ọkọ̀ kọjá lẹ́bàá abúlé Hernandez ní ìpínlẹ̀ New Mexico, ó sì rí òṣùpá tí ó yọ lókè àwọn òkè olójò-dídì, tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn tí ń wọ̀ sì ń tàn sára àwọn àgbélébùú funfun ní itẹ́ òkú. Ó dá ọkọ̀ dúró, ó sì sáré gbé kámẹ́rà rẹ̀ kalẹ̀, irú èyí tí fíìmù rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 8 ní ìbú àti 10 ní gígùn. Ó wá ohun tí a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀, kò rí i. Ó rántí bí ìmọ́lẹ̀ òṣùpá ti máa ń pọ̀ tó, ó fi orí ṣírò, ó sì yà á. Bí ó ti ń múra àti ya èkejì, oòrùn ti kúrò lára àwọn àgbélébùú náà. Ẹyọ kan ṣoṣo yìí ni ó di ọ̀kan nínú àwọn àwòrán tí a mọ̀ jù ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Kò sí iyèméjì pé kámẹ́rà kékeré ìgbà náà kò lè gba ojú ọ̀run dúdú yẹn, àwọn ewéko wẹ́wẹ́ yẹn, àti okùn ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, kí gbogbo rẹ̀ sì ṣẹ́ kù bí a bá tẹ̀ ẹ́ ní ńlá. Òkè kì í sá. Ẹni tí yóò ya òkè lè lo ẹ̀rọ tí ń pẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn yìí kan náà, kí ni ó gba Adams là? Kì í ṣe ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ rẹ̀ pọ̀ débi pé ọ̀kan sọnù lára wọn ní wákàtí tí ó nílò rẹ̀. Ohun tí ó wà ní orí rẹ̀ ni ó gbà á. Bí ìmọ̀ yẹn kò bá sí, gbogbo ẹrù tí ó wà nínú ọkọ̀ ì bá ti di asán.

Ẹlẹ́rìí kejì sún mọ́ ilé. J. D. 'Okhai Ojeikere, tí a bí ní 1930 ní Ovbiomu-Emai ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó nísinsìnyí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní 1950 pẹ̀lú Brownie D, kámẹ́rà tí kò ní fíláàṣì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó kọ́ ọ ní ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Ó ṣiṣẹ́ ní yàrá òkùnkùn ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba ní Ìbàdàn, lẹ́yìn náà ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀, kí ó tó lọ sí Èkó. Láti 1968 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí àwọn obìnrin Nàìjíríà, kò sì dáwọ́ dúró títí wọ́n fi tó nǹkan bí 1,000. Ní ọdún 2000 ni a pàtẹ wọn ní Fondation Cartier ní Paris. Ní 2014 ni Ojeikere kú.

Hasselblad ni ó fi ya irun wọ̀nyí, kámẹ́rà tí ó wúwo, tí ó wọ́n, tí fíìmù rẹ̀ sì tóbi ju ti Leica lọ dáadáa. Ẹni tí ó bá wo onílé gogoro tàbí ṣùkú nínú iṣẹ́ yìí yóò mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yìn orí ni ó kọ sí wa. Kò sí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀ ju ògiri tàbí aṣọ funfun lọ. Òwú kọ̀ọ̀kan, ojú pípín irun kọ̀ọ̀kan, àti ìpàkọ́ tí ń dán, gbogbo wọn hàn bí fínfín ara igi. Irun kò fò, kò sì sá. Ó jókòó kí a lè wò ó bí a ti ń wo ère. Níhìn-ín, ọwọ́ àgbàlagbà ni ó tó pẹpẹ, ẹ jẹ́ kí a fún un ní ìyìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí pẹ̀lú pé ojú pópó, ibi iṣẹ́ àti òde àríyá ni Ojeikere ti ń rí àwọn irun náà, àti pé ojú tí ó rí ẹwà lára ohun tí gbogbo ènìyàn ń rí lójoojúmọ́ tí wọn kò kà sí, ó ti ń lò ó láti ìgbà Brownie. Kámẹ́rà kékeré ni ó tọ́ ojú náà. Kámẹ́rà ńlá bá a ti gbọ́n tẹ́lẹ̀ ni.

Ní ti àwòrán ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá, ìlànà kan wà tí ó dàgbà ju kámẹ́rà lọ. Robert Farris Thompson, tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn Yorùbá tí ó mọ ère dá lẹ́jọ́, tí ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1973, fi jíjọra sí iwájú nínú ohun tí wọ́n ń wá. Jíjọra kì í ṣe kí ère dà bí ènìyàn títí dé orí gbogbo àpá ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe kí ó jìnnà sí ènìyàn. Àárín méjèèjì ni ó wà. Ní 1978, Stephen Sprague tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ayàwòrán Yorùbá, èyí tí ó ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ ní Ìlá Ọ̀ràngún. Ó fi hàn bí ìlànà àwọn agbẹ́gilére ṣe wọ inú fọ́tò: àgbà jókòó kọjú sí wa gan-an, aṣọ rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí itan, gbogbo ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ sì hàn. Ó sọ nípa ìbejì pẹ̀lú. Bí ọ̀kan bá kú kí a tó ya wọ́n pọ̀, ayàwòrán a ya èyí tí ó kù lẹ́ẹ̀mejì, a sì tẹ̀ wọ́n pọ̀ sórí ìwé kan náà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jọ jókòó. Bí ó bá jẹ́ akọ àti abo, a wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tí ó wà láàyè nígbà kan, a sì wọ ti obìnrin fún un nígbà kejì. Iṣẹ́ tí ère ìbejì ń ṣe ni àwòrán bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Kò sí bọ́tìnì kankan lára kámẹ́rà, bó ti wù kí ó wọ́n tó, tí ó lè kọ́ ènìyàn ní èyí. Ìmọ̀ ìlú àti àánú ọlọ́mọ ni ó kọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi ìlànà yìí wo iṣẹ́ kámẹ́rà ńlá lóde òní. Nítorí pé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lé nínú rẹ̀ fẹ̀, tí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọ lẹ́ńsì rẹ̀ sì lè ṣí gbàgà, ó ń fi ojú ẹni tí a yà hàn kedere, a sì sọ gbogbo ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ di èéfín. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn èyí débi pé fóònù òde òní ń fi ọgbọ́n kọ̀ǹpútà ṣe irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni èéfín náà gbé mì? Ilẹ̀kùn tí bàbá àgbà kàn ni, àti igi tí ó gbìn, àti kẹ̀kẹ́ tí ó fi tọ́ ọmọ, àti àwọn aládùúgbò tí wọ́n dúró ní ẹ̀gbẹ́ ilé. Ojú bàbá wà. Ayé bàbá ti lọ. Lẹ́yìn èyí, bí kámẹ́rà náà ti fi gbogbo ihò ara hàn tán, kọ̀ǹpútà ni a ó tún fi nu gbogbo rẹ̀ nù, tí ìyá ẹni 70 ọdún yóò fi dán bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé. Bí ẹ̀rọ náà ti kọjá jíjọra ní apá kan, bẹ́ẹ̀ ni ó tún kọjá rẹ̀ ní apá kejì. Kámẹ́rà kékeré, nítorí pé ihò rẹ̀ ṣe tín-ín-rín, tí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lé nínú rẹ̀ sì kéré, a máa mú iwájú àti ẹ̀yìn mọ́ pọ̀. Ohun tí àwọn oníṣòwò ń pè ní àbùkù rẹ̀ yìí gan-an ni ó mú kí fọ́tò Brownie inú àpótí ìyá àgbà jẹ́ ìwé ìtàn.

Kì í ṣe pé kámẹ́rà kékeré kò ní ibi tí agbára rẹ̀ pin. Ní òru, ní pápá eré ìdárayá, tàbí níbi tí a kò lè sún mọ́ ohun tí a fẹ́ yà, ẹ̀rọ ńlá ni ó ń gbà ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí wà pé iṣẹ́ tí ó jinlẹ̀ lè ti ara kékeré wá títí di ìran tiwa yìí. Daido Moriyama, ará Japan tí a bí ní 1938, fi Ricoh GR, kámẹ́rà tí ó wọ inú àpò, ya òpópónà ìlú Tokyo fún ọdún púpọ̀. Àwòrán rẹ̀ ṣókùnkùn, ó sì rí hàràhàrà. Síbẹ̀ ẹni tí ó bá wò ó yóò mọ̀ pé ẹni tí ń rìn láàárín ìlú ni ó yà á, kì í ṣe ẹni tí ó dúró sí òkèèrè. Ìròyìn kò tó àfojúbà, àfojúbà kò sì ṣe é ṣe láìsúnmọ́ ọ̀rọ̀.

Ẹ̀sùn kan ṣẹ́ kù tí ó wúwo ju ti òru lọ. Ohun tí ó kéré rọrùn láti fi pamọ́, ohun tí a sì fi pamọ́ lè di ohun olè. Ìwé tí Cartier-Bresson tẹ̀ jáde ní 1952 ní orúkọ kan ní èdè Faransé tí ó fara jọ pé a yọ́ àwòrán náà yà ni. Orúkọ tí a fún un ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ń sọ nípa àkókò tí ó ṣe pàtàkì, ti bo ìtumọ̀ yìí mọ́lẹ̀. Ní ilẹ̀ tí awo wà, tí ọ̀rọ̀ wà tí kì í ṣe ti ojú gbogbo ènìyàn, kámẹ́rà inú àpò lè ba ilé jẹ́. Kò sí ìdáhùn sí ẹ̀sùn yìí ju ìwà lọ. Kámẹ́rà ńlá ń kéde ara rẹ̀, ẹni tí kò bá fẹ́ kí a ya òun yóò sì yẹra. Ẹni tí ó mú kékeré ni ó gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ kéde. Kí ó kí àgbà, kí ó tọrọ àyè, kí ó sì gbà bí wọ́n bá ní rárá.

Abẹ́rẹ́ kéré, ṣùgbọ́n kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ẹni tí ó bá ní kámẹ́rà kékeré lọ́wọ́, kí ó mọ̀ ọ́n lò títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ ọ̀nà láìjẹ́ pé ojú rẹ̀ wò ó. Kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Kí ó ya àgbà nígbà tí ó jókòó ní iwájú ilé rẹ̀, kí ó jẹ́ kí ilé náà hàn, kí ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí ó sì kọ orúkọ, ibi àti ọjọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Bí owó kámẹ́rà ńlá bá dé lọ́jọ́ iwájú, yóò bá ojú tí ó ti gbọ́n nílẹ̀. Bí kò bá dé, àwòrán àgbà náà ti wà.